Àjàní, Ta Ló Gba Owó Náà?

Òkè Pópó,
Ìsàlẹ̀ Èkó.

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara bàbá yín le, tèmi náà kò burú. Ìwé ni mo kọ, n kò pè ọ́, nítorí àbúrò rẹ ti ṣàlàyé fún mi bí àwọn ọlọ́pàá ṣe máa ń dá àwọn ọ̀dọ́ dúró lójú títì, tí wọn yóò ní kí wọ́n ṣí fóònù wọn, tí wọn yóò sì máa tú ọ̀rọ̀ àti àwòrán inú rẹ̀ wò bí ẹni ń tú ẹrù wò ní ibodè. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò gbọdọ̀ sí nínú fóònù. Àbúrò rẹ ni yóò mú un wá bá ọ ní Yábàá. Kò mọ ohun tí mo kọ, nítorí náà má wulẹ̀ máa wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ ní ìparí oṣù kò dé lóṣù yìí. Kì í ṣe owó ni mò ń bèèrè. Ọjà kò burú rárá. Léèsì tí mo kó wọlé ṣáájú ọdún ti tán, àwọn tí wọ́n jẹ mí ní gbèsè sì ti ń san án díẹ̀díẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé o pe àbúrò rẹ lóru, o ní kí ó bá ọ fi 250,000 náírà ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnì kan tí kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀ rí nínú wa, àti pé kí ó ṣe é kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo bí ọ, mo sì mọ ìwà rẹ lórí owó. Ìwọ tí o ń mu gaàrí láìtọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe ohun rere ni yóò mú ọ yá owó lóru. Mo da ìbéèrè bo àbúrò rẹ títí ó fi sunkún. Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n máa ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí fóònù, tí wọn yóò pè é wá sílé, tí wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tí wọn yóò bọ́ aṣọ lára rẹ̀, tí wọn yóò sì ya fídíò rẹ̀. Bí kò bá san iye tí wọ́n dá lé e, ìyá rẹ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí. Ó ní kítò ni ẹ ń pè é. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù mi bá dún tí n kò sì mọ nọ́ńbà rẹ̀, àyà mi á là gààrà. Àjàní, ta ló gba owó náà?

Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ mi ni wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ ọ, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ti mọ̀.

Mo mọ̀ láti ọdún Iléyá tí ó kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ jókòó sídìí tábìlì ní pálọ̀, mo gbé àmàlà kalẹ̀, bí o sì ti ń na ọwọ́ sí omi ìfọwọ́, ó fa ọwọ́ ọ̀tún rẹ tí o máa ń so aago mọ́ láti kékeré, ó tú aago náà, ó fi etí bùbá rẹ̀ nu ojú aago náà, ó sì jù ú sínú àpò ara rẹ̀, kò dá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí ó ń bá bàbá yín sọ dúró. Ìwọ náà kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìronú, ó ti pẹ́ tí ó ti ń ṣe é. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí bàbá yín ti fẹ́ mi, kò bá mi tú ẹ̀gbà ọrùn rí, áḿbọ̀sì kí ó bá mi fi í pamọ́. Mo padà sínú ilé ìdáná, mo jókòó sórí àpótí, n kò sì rántí pé ọbẹ̀ ewédú ṣì wà lórí iná.

Kí ló wá dé tí o kò sọ fún mi? Ṣé ìyá burúkú ni mo jẹ́ fún ọ ni? Ó dùn mí, Àjàní, pé àbúrò rẹ mọ̀, pé bóyá àwọn tí ẹ jọ ń gba bọ́ọ̀lù mọ̀, pé àwọn olè mọ̀, èmi tí mo gbé ọ pọ̀n ni o fi pamọ́ fún. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ ìbéèrè yìí ni mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Ní ọdún 2004, nígbà tí Bisi Alimi jókòó lórí tẹlifíṣọ̀n NTA tí ó sì sọ ní gbangba pé ọkùnrin ni òun fẹ́ràn, ariwo rẹ̀ gba ìgboro kan. Ìwọ ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Níwájú rẹ ni èmi àti àwọn obìnrin agboolé ti ń pòṣé, tí mo ní bí ó bá jẹ́ èmi ni mo bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, n óò sọ pé ọmọ mi ti kú. O dìde, o kó abọ́ tí a fi jẹun, o lọ fọ̀ wọ́n. Mo tilẹ̀ yìn ọ́ lọ́jọ́ náà pé o mọ iṣẹ́ ilé.

Nígbà tí òfin yẹn dé, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2014, inú ọjà ni mo wà, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin tí ó bá bá ọkùnrin ṣe ìgbéyàwó, ọdún 10 fún ẹni tí ó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ọdún 10 fún ẹni tí ó bá ṣe ẹlẹ́rìí fún wọn tàbí tí ó bá ti ẹgbẹ́ wọn lẹ́yìn. Àwa tí a pàtẹ́wọ́ kò rò pé ó kan ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Kí wọ́n wá mú èmi tí mo ro àmàlà fún ẹni méjì.

Ẹ̀rù ń bà mí nítorí pé mo mọ bí nǹkan ṣe ń rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá ya wọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n kó ọkùnrin 57, wọ́n sì tò wọ́n kalẹ̀ fún àwọn oníròyìn. Àwọn ọmọ náà ní ọjọ́ ìbí ni àwọn wá ṣe. Wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòyí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún 2020, adájọ́ wọ́gi lé ẹjọ́ náà nítorí pé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba kò ṣe iṣẹ́ wọn bí ó ti yẹ. Ó ti lé ní ọdún méjì nígbà náà tí àdúgbò ti rí ojú wọn, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ti rí i, tí àna ti rí i. Ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ rẹ mọ gbogbo èyí. Ó mọ̀ pé o kò ní lè lọ sí tẹ́ṣàn lọ fi ẹjọ́ òun sùn. Nítorí náà ni mo ṣe ń bèèrè, n kò sì ní yé bèèrè.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Ìnfátà tí o fi sílé ń ké ní gbogbo òru, bàbá yín sì ti fi aṣọ bò ó, bí ẹni pé ariwo rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Orúnkún bàbá yín ti fúyẹ́. Ìyá Ìbejì ti kó kúrò lókè.

Nípa iṣẹ́ rẹ, n kò ní nǹkan púpọ̀ láti sọ ju pé mo ń fi ọ́ yangàn. Ilé iṣẹ́ tí o wà tẹ́lẹ̀ kò rí àbùkù kankan lára iṣẹ́ rẹ. Wọ́n kàn ń bi ọ́ léèrè ìyàwó láràárọ̀ ni, títí ẹnì kan fi sọ òfófó tí wọ́n fi ní kí o kọ ìwé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nísinsìnyí o ń gun òrùlé àwọn ènìyàn lọ to sóólà, ìwọ ni ọ̀gá ara rẹ, iná tí o fún wọn kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tí o ń bá sùn. Jọ̀wọ́, máa mu omi dáadáa lórí òrùlé. O ti rù jù.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó wá kù. Má gbéyàwó nítorí mi. Bí mo bá tilẹ̀ sunkún, bí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá yín bá pe ìpàdé lé ọ lórí, má ṣe é. O rántí àbúrò bàbá yín tí ó ń ránṣọ ní Láfíàjí, kí Ọlọ́run forí jì í. Gbogbo ìdílé mọ irú ẹni tí ó jẹ́, a kàn kì í sọ ọ́ ni. Èmi ni alárinà ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mo lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí mo fi ẹnu dídùn tan ọmọ ọlọ́mọ, tí mo ní ọkọ tí kì í mutí tí kì í sì í lé obìnrin ni mo mú wá fún un. N kò parọ́ nínú ìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ni ọkọ rẹ̀ ń sùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ìyáálé mi, kí ni mo ṣe tí ọkọ mi kì í fẹ́ wò mí?" Mo ní kí ó máa wọ aṣọ tí ó dára. Mo mọ ìdí rẹ̀, mo sì rán an lọ ra aṣọ. Nígbà tí a tún pàdé níbi ìnáwó kan lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó kí mi, ṣùgbọ́n ní òòró ni ó wà, kò kúnlẹ̀ fún mi mọ́.

Síbẹ̀, Àjàní, lẹ́yìn Iléyá yẹn, lẹ́yìn tí mo ti rí aago tí mo rí, mo mú fọ́tò rẹ tí o wọ agbádá funfun fún ìyá kan ní ọjà wa, nítorí ó ní ọmọ tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ti gbà á padà. Mo ní o ti ní ẹni tí o ń fẹ́. Ó ní ọmọ ibo ni. Mo ní ọmọ Abẹ́òkúta ni, ará Ìtòkò. Ọ̀rẹ́ rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

N kò ní tàn ọ́ pé ó yé mi tán. Mo ń gbọ́ wáàsí, mo mọ ohun tí àwọn ààfáà ń sọ, mo sì ń bá Ọlọ́run mi sọ̀rọ̀ lórí rẹ ní gbogbo àsùbá. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kí ó yí ọ padà. Ní báyìí, kí o délé láyọ̀ lálẹ́ ni mò ń bẹ̀ fún, àdúrà yẹn sì ti gba gbogbo ẹnu mi.

Gbọ́ ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó jẹ́ lọ́yà ní Ìgbóṣeré sọ. Mo ní ọmọ aládùúgbò wa ni ọ̀rọ̀ kàn. Ó ní kí ó má san kọ́bọ̀ mọ́, nítorí ẹni tí ó gba owó lẹ́ẹ̀kan yóò tún padà wá. Ó ní fífi ìhalẹ̀ gba owó jẹ́ ọ̀ràn lábẹ́ òfin, kí ó má pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i rẹ́, kí ó má sì dá lọ sí tẹ́ṣàn láìsí lọ́yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò mí títí nígbà tí mo fẹ́ dìde, ó ní kí ọmọ aládùúgbò náà wá rí òun. Lọ rí i. Èyí tí ó kù ni tèmi: má lọ sí ilé ẹni tí o kò mọ̀. Bí o bá ní ẹni tí ó ń bá ọ tú aago, kí ni o tún ń wá lọ sí ilé àjèjì? Bí ẹ bá jà ni, ẹ parí ìjà.

Ẹ wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yin méjèèjì. Bàbá yín ń bèèrè ẹni tí yóò bá a wo bọ́ọ̀lù. Ìwé tèmi yìí, fà á ya. Ṣùgbọ́n kí àbúrò rẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ, kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí ó gba owó náà sínú bébà kan, lẹ̀ ẹ́ pa, kí ó mú un wá fún mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.