Omi Kọ́ Ni Ìwẹ̀, Pápá Kọ́ Ni Bọ́ọ̀lù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àpilẹ̀kọ yín lórí kọ̀ǹpútà tó ń dá ohun téèyàn ń ṣe nínú fídíò mọ̀ dùn ún kà, àmọ́ ó fo ibi tí iṣẹ́ náà ti sábà máa ń bàjẹ́.

Fọ́tò tó ń sáré tẹ̀ léra ni fídíò, bíi 25 tàbí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. A kì í kó gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀rọ, mẹ́mọ́rì ò ní gbà á. Ṣe la máa ń ṣa díẹ̀, bíi 16, nínú rẹ̀. Bí 16 yẹn bá tẹ̀ léra wọn gírígírí, bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá lásán ni. Ẹni tó ń gúnyán lè má tíì gbé ọmọ odó sókè tán. Ẹ ṣà wọ́n káàkiri fídíò náà.

Ọ̀gá ìṣòro ni pé ẹ̀rọ mọ ọgbọ́n àrékérekè. Bó bá ti rí omi aláwọ̀ búlúù, ó di ìwẹ̀; bó bá rí koríko, ó di bọ́ọ̀lù. Láti dán an wò, ẹ fún un ní fọ́tò ẹyọ kan péré nínú fídíò náà. Bí máàkì rẹ̀ ò bá fi bẹ́ẹ̀ já wálẹ̀, ibi tí èèyàn wà ló ń wò, kò wo ohun tónítọ̀hún ń ṣe rárá. Ìdí nìyẹn tí àkójọ fídíò Something-Something ti ọdún 2017, tó ní ìṣe 174, fi kó ẹni tó ń ṣí nǹkan pọ̀ mọ́ ẹni tó kàn ń díbọ́n pé òun ń ṣí i.

Ibòmíì tí máàkì ti ń parọ́ ni pípín fídíò sí ti ẹ̀kọ́ àti ti ìdánwò. UCF101, àkójọ fídíò míì tó jáde ní 2012, ní fídíò 13,320 fún ìṣe 101, ìṣe kọ̀ọ̀kan sì pín sí ọ̀wọ́ 25. Àwọn tó wà nínú ọ̀wọ́ kan lè jọ ní ẹni kan náà, yàrá kan náà. Tẹ́ ẹ bá pò wọ́n pọ̀ kẹ́ ẹ tó pín wọn, ẹ̀wù tí ẹ̀rọ rí níbi ẹ̀kọ́ náà ló tún máa bá níbi ìdánwò. Ọ̀wọ́ lódindi ni kẹ́ ẹ máa fi sí ẹ̀kọ́ tàbí sí ìdánwò, ẹ má pín ọ̀wọ́ kan sí méjèèjì.

Ẹ má sì yí àwòrán sódì bíi ti inú dígí bí ìṣe náà bá ní ọ̀tún àti òsì nínú. Orúkọ tẹ́ ẹ fún un á di irọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ ní ríro àmàlà, kó ya ẹni tó ń ro ó lóòótọ́, kó tún ya ẹni tó kàn di omorogùn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kan náà, tó ń tàkùrọ̀sọ.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Ìbàdàn