Ẹni tí kò lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe òǹwòran

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde dá lórí àwọn ọmọ ìjọ tí kò lè bá wa péjọ mọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, ìbáà jẹ́ nítorí ogbó, nítorí àìsàn, tàbí nítorí iṣẹ́ ọdẹ àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí kò mọ Sọ́ńdè yàtọ̀ sí Mọ́ńdè. Nígbàkígbà tí a bá dárúkọ wọn ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ, èsì tó máa ń yá wa lẹ́nu ni pé kí wọ́n máa wo ìsìn lórí Facebook. Èsì yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí kò tíì pẹ́ tí gbogbo wa pátá wà ní irú ipò tí wọ́n wà.

Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 ni kónílé-ó-gbélé tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ọjọ́ Àjíǹde, tó bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, bá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ní títì, ó sì di ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó gbà wá láyè láti padà wọlé, tí wọ́n sì ní a kò gbọdọ̀ kún inú ilé bí a ti máa ń kún un tẹ́lẹ̀. Ìjọ tó lówó ra kámẹ́rà, èyí tí kò ní gbé fóònù àlùfáà lé orí àga. Èmi kò bu ẹnu àtẹ́ lu ìyẹn, nítorí àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti ní Houston ṣì ń tipa rẹ̀ bá wa jọ́sìn títí di òní. Àmọ́ dátà wọ́n, iná mànàmáná kò sì ṣeé gbọ́kàn lé, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn òǹwòran tí wọ́n ń kọ sábẹ́ fídíò kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá kan ti tán, tàbí pé ìyá kan kò rí nǹkan gbé kaná.

Olórí kíláàsì, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré tí a máa ń pín àwọn ọmọ ìjọ sí, ni mí nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ohun tí mo sì rí ni pé ìwé kíláàsì ló dì wá mú. A pín orúkọ inú rẹ̀ láàárín ara wa, a sì ń pe ara wa jọ sórí fóònù ní ìdájí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò ní ju fóònù kékeré alátọ́ọ̀ṣì lọ, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló sì ń bá a gbé e sétí. Bí a bá ti ka Sáàmù tán, òun ni yóò dá orin. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa fa ohùn wa sẹ́yìn, tí àwa á ṣì wà ní ìlà kìíní nígbà tí màmá ti dé ègbè. Lẹ́yìn náà ni yóò wá gbàdúrà fún wa lórúkọ-lórúkọ, kò sì ní fo ẹnì kankan, bí a tilẹ̀ ń sọ fún un pé káàdì ti fẹ́ tán. Nígbà tí ẹnì kan nínú wa kò dáhùn ìpè mọ́, ará tó ń gbé ní òpópónà kejì ló lọ kan géètì rẹ̀, ó sì bá a pé ibà ti dá a wó.

Kì í ṣe àwa la hùmọ̀ èyí. Ní Bristol lọ́dún 1742, nígbà tí gbèsè ilé ìsìn wọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn John Wesley, ẹni tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, lọ́rùn, wọ́n pín ara wọn ní méjìlá-méjìlá, kí ẹnì kan máa lọ láti ilé dé ilé gba pẹ́nì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń gba owó kiri ni wọ́n ti rí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá àti ẹni tó wà nínú ìdààmú, bẹ́ẹ̀ ni ètò ìgbowó ṣe di ètò ìtọ́jú ọkàn. (Lọ́dọ̀ tiwa lónìí, ó jọ pé ìtọ́jú ọkàn ló tún ti padà di ìgbowó.) Ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú, nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 1867, tí wọ́n kó ilé ìsìn lẹ́rù, tí wọ́n sì lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó jáde nílùú, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sá lọ tẹ̀dó sí Ebute Metta, àwọn àlùfáà àti olùkọ́ni tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa ló sì ń ṣe agbátẹrù àwọn tó kù nílé. Kò sí òyìnbó, kò sí ilé tó dúró ire, síbẹ̀ ìjọ kò parẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fi Hébérù orí kẹwàá dá mi lóhùn, níbi tí a ti ní kí a má ṣe kọ ìpéjọpọ̀ ara wa sílẹ̀. Wọn kò jẹ̀bi. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko, tó wá fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí ibùsùn tó ń wo ìwàásù, èmi náà á ní kó dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dìde ńkọ́? Ohun tó ń dùn wọ́n jù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, ni pé kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa fi orúkọ àwọn tó ń ṣàìsàn àti àwọn tó ń wá iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn láti gbàdúrà fún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá orin lórí fóònù. Kí àlùfáà sì máa gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ bá wọn nílé lóṣooṣù, kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀mí bá kù díẹ̀ nìkan. Owó káàdì tí olórí kíláàsì yóò fi pè wọ́n, àpò ìjọ ni kó ti wá.

Àsìkò ìkórè kò ní pẹ́ dé, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ni yóò tún fẹ́ ra ẹ̀rọ sí i. Kí wọ́n tó ra nǹkan kan, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní kí olórí kọ̀ọ̀kan mú ìwé kíláàsì rẹ̀ wá, kí ó sì ka orúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè láti oṣù tó kọjá sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìgbìmọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olórí kíláàsì kan,
Surulere, Èkó.