Sí Àṣàkẹ́, kó o tó gun Òkè Ìdànrè

Àṣàkẹ́ mi,

Ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń lọ sí Òkè Ìdànrè ní Sátidé, àtẹ̀gùn tó lé ní 660 nìkan lẹ sì ń kà lẹ́nu. Àtẹ̀gùn kọ́ ni iṣẹ́ ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gùn ún tán ni ìlú àtijọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, orí àpáta gbalasa lẹ ó ti máa rìn, ẹ ó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá sáré gun àtẹ̀gùn, orúnkún rẹ̀ ló máa san gbèsè nígbà àbọ̀.

Ẹ sùn sí Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ lè wà lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, òòrùn ń jó yín láti òkè, àpáta ń ta ooru sí yín láti ìsàlẹ̀. Ẹ bá afinimọ̀nà dá iye owó rẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, ẹ sì mú owó dání. Má gbẹ́kẹ̀ lé tíransfà.

Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọlọ́ràá mẹ́rin. Máa mu díẹ̀díẹ̀ níbi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, má dúró de òùngbẹ. Fi ẹ̀pà oníyọ̀ sápò. Bàtà tó ṣeé so, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín, tí ẹsẹ̀ rẹ sì ti mọ̀. Má wọ sílípáàsì, má sì fi bàtà tuntun dánrawò níbẹ̀.

Bó o bá dé òkè, wo ara àpáta. Wàá rí ìlà dúdú tó ṣàn wálẹ̀ bí ẹni da aró sí i. Ojú ọ̀nà omi òjò ni, ohun tín-ín-rín bí ewédò ló lẹ̀ mọ́ ọn. Bó gbẹ, kò sí wàhálà. Bí ìrì bá sẹ̀ sí i, yóò máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ibi tó funfun, tó ń họ àtẹ́lẹsẹ̀ bí yanrìn, ni kó o tẹ̀. Bó o bá ń sọ̀ kalẹ̀, fẹ̀gbẹ́ rìn, tẹ orúnkún díẹ̀, fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lé àpáta, gbé ìṣísẹ̀ kúkurú. Ẹni tó bá fara sẹ́yìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń tẹ ilẹ̀, ìdí ló sì ń fi jókòó. Fóònù, inú àpò.

Ojú òjò bá ṣú, ẹ yáa máa bọ̀. Àpáta gbalasa kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dúró de àrá, abẹ́ igi kan ṣoṣo náà kọ́.

Ẹ má yára kọjá ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba Ìdànrè. Ọdún 1923 ni ìlú sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí òkè. Ojú ẹsẹ̀ kan wà lára àpáta tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn, wọ́n ní ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn mu, àfi ti àjẹ́. Bí ti ọ̀rẹ́ rẹ ò bá bá a mu, jọ̀ọ́, má bú u. Má sì fi ọṣẹ fọwọ́ nínú omi tó bá dúró sórí àpáta: irú ọ̀pọ̀lọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì rí níbòmíràn láyé.

Iyán di ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Má jẹ ẹ́ lọ sókè. Bẹ́ ẹ bá ti dé ìsàlẹ̀, pè mí.

Ìyá rẹ.