Ìlù ti dún kí kọ̀ǹgọ́ tó kan awọ

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta. Lásìkò ọdún Kérésì tó kọjá, mo ti Ìbàdàn lọ wo eré olórin kan, ìyẹn eré ìtàgé tí wọ́n fi orin àti ijó ṣe, ní Èkó. Tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n, àmọ́ owó kọ́ ló dùn mí. Aṣọ àwọn òṣèré ń dán yinrin, ijó wọn sì wú mi lórí. Ìgbà tó kan oríkì ọba, onígángan bọ́ síwájú, ó fi ìlù há abíyá, ó gbé kọ̀ǹgọ́ sókè. Áà! Ìlù ti dún kí kọ̀ǹgọ́ tó kan awọ. Àṣé ẹ̀rọ ló ń lùlù lẹ́yìn! Bàbá tó jókòó tì mí kàn mi orí ni.

Àwọn ọ̀dọ́ kan rò pé Amẹ́ríkà la ti kọ́ eré olórin. Rárá o. Láti 1944 ni Hubert Ògúndé ti ń ṣe é l'Ékòó. Ní 1964, Dúró Ládiípọ̀ gbé eré rẹ̀, Ọba Kò So, dé Berlin, Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ará Jámánì sì jókòó wò ó.

Mo gbóríyìn fáwọn tó ń náwó sórí ìtàgé lónìí, torí iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àyàn gidi. Kẹ́ ẹ sì bá wa dín owó ìwọlé eré ọ̀sán kù fáwọn ọmọ ilé ìwé.

Èmi ni tiyín,
Olólùfẹ́ eré ìtàgé, Ìbàdàn