Sí Bọ̀dé, lórí ibi tí wọ́n gé kúrò

Mókólá, Ìbàdàn,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Bọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé yìnyín ti bo ọ̀dọ̀ yín ní Kánádà. Ooru ló ń pa wá níbí, wọ́n sì ti múná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù ló kù tí mo fi ń kọ èyí.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́sí ò kúrò lọ́kàn mi. O ní kí ni mo rí lára Boromir inú fíìmù The Lord of the Rings tí mo fi ń káàánú rẹ̀, ẹni tó fẹ́ fipá gba òrùka agbára lọ́wọ́ Frodo tó ń gbé e lọ pa run. Bí o ṣe wí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì náà nìyẹn, nígbà tí àwa mẹ́jọ há ara wa mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì kan, tí síídì ń há, tí ìwọ ń fi etí ẹ̀wù rẹ nù ún. Mi ò rí èsì fọ̀ nígbà náà, torí èyí tí a wò kò pé.

The Two Towers, apá kejì fíìmù náà, tó jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2002, ìṣẹ́jú 179 ni. Lọ́dún 2003, Peter Jackson tó darí rẹ̀ gbé èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde sórí DVD, ó sì dá ọ̀pọ̀ ibi tó ti gé padà sínú rẹ̀. Ìran kan wà níbẹ̀ tí mo ti wò tó ìgbà mẹ́wàá.

Boromir ti kú ní òpin apá kìíní, o rántí. Faramir àbúrò rẹ̀ ló jókòó tó ń ronú kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n gba ìlú Osgiliath padà lọ́wọ́ ọ̀tá ló rántí. Boromir wà lókè, ó ri àsíá mọ́lẹ̀, ó bá àwọn ọmọ ogun sọ̀rọ̀ ṣókí, ariwo sọ. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, àbúrò ní ọ̀rọ̀ náà dáa, ó sì kúrú. Ẹ̀gbọ́n ní kí àyè ọtí lè wà ni. Ni àwọn méjèèjì bá ń rẹ́rìn-ín. Yàtọ̀ sí ìgbà tó ń kọ́ Merry àti Pippin, àwọn ọ̀rẹ́ Frodo, ní idà, ǹjẹ́ o rí Boromir kó túra ká báyẹn rí? Ó ní kí àbúrò òun má gbàgbé ọjọ́ òní.

Ojú rẹ̀ wá yí padà lójijì. Bàbá wọn ti dé.

Denethor kì í ṣe ọba o, adelé ilẹ̀ Gondor ni. (Àwa náà kúkú mọ adelé tí kò fẹ́ kí ọba dé.) Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Boromir, ó ń yìn ín pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ náà nìkan ló ṣẹ́ ogun náà. Boromir ní àsọdùn ni, pé ti Faramir náà ni ìṣẹ́gun. Bàbá bá yíjú sí èyí àbúrò: ṣebí ìwọ ni mo fi ṣọ́ ìlú yìí tí ọ̀tá fi gbà á? Ó fi í wọ́lẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Boromir ò dákẹ́. Ó ní ọmọ yìí fẹ́ràn yín, bàbá, ẹ ò sì rí tirẹ̀ rò.

Lẹ́yìn náà ni Denethor ń rán Boromir lọ sí Rivendell kó lọ gba òrùka wá fún òun. Ó kọ̀. Ó ní àárín àwọn èèyàn òun ni ipò òun. Faramir ní kí wọ́n rán òun dípò rẹ̀, bàbá sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, ẹn-ẹ́n, kí Faramir, ọ̀gágun Gondor, lè fi irú ẹni tó jẹ́ hàn. Boromir tó lóun ò lọ náà ló gẹṣin lọ. O mọ bó ṣe parí.

Ìyẹn gan-an ni wọ́n gé! Nínú èyí tí a wò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, Faramir sọ gbólóhùn “kí Faramir lè fi irú ẹni tó jẹ́ hàn” yẹn nínú ihò àpáta lọ́jọ́ tó rí òrùka lọ́rùn Frodo, àwa sì rò pé ìgbéraga ni. Àṣé èébú bàbá rẹ̀ ló ń tún sọ lẹ́nu ara rẹ̀.

Mo mọ̀ pé fíìmù náà ti gùn, àwọn tó lọ sí sinimá kò sì tíì mọ Denethor, àfi ní apá kẹta. Síbẹ̀ ǹ bá ní kí wọ́n gé díẹ̀ nínú ogun ńlá tí wọ́n jà ní Helm's Deep. Ìran yìí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé Tolkien tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà. Boromir inú ìwé ló fọwọ́ ara rẹ̀ gba ìrìn àjò náà. Èyí tí wọ́n tún dá yìí ló dùn mí jù, nítorí ẹni tí bàbá fẹ́ràn náà ni ìfẹ́ ọ̀hún pa.

O mọ ìdí tó fi ká mi lára. O wà níbi ìṣílé bàbá mi. Wọlé àbúrò mi ló dúró ti àwọn bíríkìlà fún oṣù méje, òun ló san owó páànù. Owó ọ̀dà nìkan ni mo fi ránṣẹ́. Bàbá gba gbohùngbohùn, wọ́n ní, “Ṣẹ́gun ọmọ mi ló kọ́lé yìí fún mi.” Wọlé ń ru kéréètì mínírà kọjá nígbà náà. Èmi dìde, mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́.

Wọlé wá kí mi lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sì fi ìran náà hàn án. Kò sọ nǹkan kan títí tí Boromir fi gẹṣin lọ. Ó wá dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀.

Ó ní, “Bùọ̀dá, ẹ̀gbọ́n tiẹ̀ kúkú sọ̀rọ̀.”

Bátìrì ti ń pariwo. Bá mi kí Màmá tí o bá pè wọ́n.

Èmi ni tìrẹ,
Ṣẹ́gun