Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tí Ẹ Ń Ra Pépà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní yàrá ìwádìí,

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú yín ni oorun ti dá lójú mi. Ọmọ tó já fáfá ni. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń tún ojú máíkírósíkóòpù ṣe kí sẹ́ẹ̀lì tó yọ kedere. Wọ́n ní ó sanwó kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí pépà, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìwádìí tí a ń tẹ̀ jáde, tí kò mọ̀dí rẹ̀, àwòrán inú ọ̀kan sì ti wà nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀. Jọ́nà, ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, fa pépà náà yọ. Àwọn tó fẹ́ gbà á lókè òkun ní kó jókòó sílé. Pépà mọ́kànlá láàárín ọdún méjì! Ta ló ń lé e?

Ta ló ń lé gbogbo yín? Mo mọ̀ pé ìgbéga ni, wọ́n ń ka pépà bí ẹni ń ka iṣu nínú àká. Mo mọ̀ pé iná kì í dúró, pé kẹ́míkà wọ́n. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ̀ ń tọ́ka sí Ralph Steinman, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń gbógun ti àrùn, nínú iṣẹ́ yín, ẹ ò sì bèèrè bó ṣe rìn ín. Ọmọ Montreal ní Kánádà ni. Yunifásítì Rockefeller ní New York ni òun àti Zanvil Cohn, ọ̀gá rẹ̀, ti tẹ pépà wọn jáde ní 1973. Sẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n rí lára èkúté, tó yọ ẹ̀ka bí igi, tó ń na ẹ̀ka náà, tó sì ń ká a padà lójú wọn lórí gíláàsì. Kò pọ̀ rárá. Wọ́n sọ ọ́ ní dendritic cell, láti inú orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe igi. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà, wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan ló paradà. Ó padà sídìí gíláàsì rẹ̀. Ní 1978, òun àti Margaret Witmer fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì yìí ń ru àwọn ajagun ara sókè ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju àwọn yòókù lọ, ó kéré tán. Síbẹ̀, ó tó nǹkan bí 1990 kí ayé tó rọ́ wọ inú iṣẹ́ náà.

Oníbodè ni sẹ́ẹ̀lì yìí. Ó gbá kòkòrò àrùn mú bí olè, ó ya lára aṣọ rẹ̀, ó gbé e lọ fi han àwọn ẹ̀ṣọ́: ẹni tí ẹ bá rí irú èyí lọ́rùn rẹ̀, ẹ mú un. Ta ló tún ń kọ̀wé lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára lónìí tí kò ní dárúkọ rẹ̀?

Ní 1984, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe ni mò ń wò, mò ń ka kòkòrò inú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ku síláìdì mẹ́ta, gíláàsì tí a fi ẹ̀jẹ̀ sí, ojú ń ro mí, iná lọ. Mo kọ iye tí mo rò pé yóò jẹ́ sínú ìwé, mo lọ sùn. Ọ̀gá mi wò ó láàárọ̀. Kò pariwo. Ó fi òwú nu awò náà, ó gbé máíkírósíkóòpù sójú fèrèsé kí oòrùn lè bá díńgí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Jókòó, ọmọ mi, kà á." Síláìdì kejì kún fọ́fọ́. Èmi ti kọ ọ́ pé kòkòrò inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọmọ tó ni ẹ̀jẹ̀ náà wà ní wọ́ọ̀dù, ìyá rẹ̀ ń fi aṣọ tútù nù ún lára. Títí dòní, mo ṣì ń rí ìyá yẹn.

Ẹ má sọ fún mi pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe é! Ẹ má sọ ọ́ sí mi létí rárá. Jọ́nà tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó lónìí, pépà yóò jáde lọ́tùúnla, ẹ sá fún un. Ẹ máa fi bírò kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rí i. Kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ yín sí ohun tẹ́ ẹ ò lè dúró tì. Ẹ sì máa jẹun, ebi a máa mú kí èèyàn kánjú.

Ní 2007, wọ́n rí jẹjẹrẹ lára Steinman, nínú pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́ ìtọ́jú tó ti inú iṣẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n dán an wò lára òun fúnra rẹ̀. Ó lò ju ọdún mẹ́rin lọ sí i. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2011. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé ó gba ẹ̀bùn Nobel, wọn ò mọ̀ pé ó ti lọ. Wọn kì í fún òkú, ṣùgbọ́n wọn ò gbà á padà. Nínú pépà mọ́kànlá yẹn, èwo lẹ máa jẹ́ kí wọ́n gún sí yín lára?

Ìwọ ọmọ mi tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, mi ò ní dárúkọ rẹ. Wọ́n ní o ti pa fóònù rẹ. Ilé mi kò yí padà. Wá ní Sátidé, mú ìwé tí o ń kọ èsì sí dání, bó bá ṣófo náà, mú un wá. Mo ti tún ojú máíkírósíkóòpù ṣe.

Èmi ni, ìyá yín.