Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Tí Ó Fún Adol ní Máàkì 4 Nínú 10

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àgbéyẹ̀wò tí o kọ lórí géèmù Ys: The Oath in Felghana ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. O ní kí n bá ọ wo èdè inú rẹ̀ kí o tó gbé e síta. Èdè rẹ dán mọ́rán, àmì ohùn díẹ̀ ni mo tún ṣe. Ìdájọ́ inú rẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì pinnu láti kọ èrò mi sí gbangba, nítorí ìwọ nìkan kọ́ ni ò ń gbé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà wá fún mi tún ṣe ní àdúgbò Under G níbí náà kì í pẹ́ dájọ́: wọn á wo àwòrán géèmù kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn á ní ti ayé àtijọ́ ni, wọn á sì pa á dé.

Ohun tí o kọ ni pé àwòrán rẹ̀ kò dán, pé ìtàn rẹ̀ kò jinlẹ̀, pé ìjà inú rẹ̀ kò ju kí ènìyàn máa tẹ bọ́tìnnì kan náà lọ, àti pé o gbá a parí láìsí wàhálà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò ní dé, ni o wá sọ pé ìpele ìṣòro tí ó rọrùn jù lọ ni o fi gbá a. Gbólóhùn yẹn ni ó yẹ kí ó ṣíwájú, nítorí òun ni ó tú àṣírí gbogbo ìyókù. Ní ìpele yẹn, idà Adol, akọni inú géèmù náà, á gé ohunkóhun tí ó bá bà, ohun tí ọ̀tá bá sì fi lù ú kò ní dùn ún. Ẹni tí ó bá gbá a bẹ́ẹ̀ ti rí ìlú Redmont, ó ti rí ibi ìwakùsà Tigray, ó sì ti gbọ́ orin, ṣùgbọ́n kò tíì bá géèmù náà jà rárá.

Nínú ọ̀pọ̀ géèmù akọni tí àwọn ará Jàpáànù ń ṣe, ènìyàn a máa kó oògùn sínú àpò. Bí ọ̀tá bá ṣá ọ lọ́gbẹ́, wàá dá eré dúró, wàá lo oògùn, ara rẹ á sì tún le bí i ti tẹ́lẹ̀. Adol kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀ ní Felghana. Ewé ìwòsàn tí àwọn ọ̀tá kéékèèké máa ń jù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kú ni ó lè fi gba agbára padà, tàbí kí ó forí tì í títí yóò fi dé ibi tí a ti ń tọ́jú eré. Bí ó bá ti wọ yàrá ọ̀gá kan, ìyẹn ọ̀tá ńlá tí ó dá dúró ní yàrá tirẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Ojú rẹ, ìka rẹ àti ìpele agbára tí o bá Adol dé ni gbogbo ohun tí o ní.

Dularn ni ọ̀gá àkọ́kọ́ tí ènìyàn máa bá pàdé, nínú ibi ìwakùsà Tigray. Ìwọ fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọjá lórí rẹ̀. Ní ìpele Normal, ẹni tí ó bá fi ìbínú sáré tọ̀ ọ́ lọ, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Ohun tí ó ń pa àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé ohun tí ó ń jù lù wọ́n ni wọ́n ń wò. O mọ bí àwa ọmọ ilẹ̀ yìí ṣe ń sá fún pàṣán eégún: ọmọ tí ojú rẹ̀ bá wà lára pàṣán ni yóò jẹ ẹ́, èyí tí ó ń wo èjìká eégún ti bẹ́ kúrò kí apá tó wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti Dularn àti ti gbogbo ọ̀gá tí ó tẹ̀lé e rí. Wọn kì í ṣe ohunkóhun láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi àmì rẹ̀ hàn lára wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wàá kú láìmọ ohun tí ó pa ọ́. Bí ó bá yá, wàá tún kú, ṣùgbọ́n wàá ti mọ̀ pé o tètè fò jù ni, tàbí pé ìwọra ló mú kí o fi idà kan kún èyí tí o ti ṣá. Nígbà tí yóò bá fi ṣubú, ìka rẹ á ti máa ṣíwájú èrò rẹ. Èmi kò mọ adùn mìíràn tí a fi ń ṣe irú géèmù yìí ju èyí lọ, òun gan-an ni àgbéyẹ̀wò rẹ kò sì mẹ́nu kàn.

Ìṣirò kan tún wà lábẹ́ ìjà náà tí ó yẹ kí òǹkàwé rẹ gbọ́. Nínú àwọn géèmù Ys, ìpele agbára kan ṣoṣo tí Adol bá fi gòkè lè yí ìjà padà. Ọ̀tá tí idà kò ràn lánàá lè di ẹni tí ó ń ṣubú kíákíá lónìí. Nítorí náà, ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbá a láti yàn bóyá òun á lọ wá ìrírí kún ìrírí nínú ihò, tí òun á sì kó òkúta Raval lọ fún alágbẹ̀dẹ kí ó fi mú idà àti ẹ̀wù le, tàbí bóyá òun á fi ọgbọ́n ojú nìkan ko ọ̀gá lójú. Bí ènìyàn bá sì ń ṣá àwọn ọ̀tá léraléra láìdúró, ìrírí tí ó ń rí gbà á máa pọ̀ sí i, èyí ni kì í jẹ́ kí ìrìn inú ihò náà súni. O ní ẹsẹ̀ Adol yá ju bí ó ti yẹ lọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, eré sísá ni géèmù náà ń sanwó fún.

Lórí ọ̀rọ̀ pé ti ayé àtijọ́ ni, bí o bá fẹ́ pe nǹkan ní arúgbó, sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa. Ilé-iṣẹ́ Nihon Falcom, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1981 tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Tachikawa ní agbègbè Tokyo, gbé Ys àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1987 fún kọ̀ǹpútà PC-8801. Nínú ìyẹn, kò sí bọ́tìnnì tí a fi ń yọ idà. Ara ni Adol fi ń gbá ọ̀tá, bí ó bá sì forí gbá a tààrà, òun náà á fara gbọgbẹ́, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ni ó ti gbọ́dọ̀ kọlù ú. Ẹ̀kẹta, Wanderers from Ys, jáde ní ọdún 1989. Ẹ̀gbẹ́ ni a ti ń wo Adol nínú rẹ̀, tí ó ń rìn láti apá kan ojú kọ̀ǹpútà lọ sí èkejì. Felghana tí o gbá yìí ni ẹ̀kẹta yẹn tí Falcom tún ṣe láti ìpìlẹ̀ ní ọdún 2005, tí a sì wá ń wo Adol láti òkè. Ọdún 2012 ni ilé-iṣẹ́ XSEED gbé e jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí Steam, ọjà géèmù kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ṣé o rí i pé Windows ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe náà fún? Ìyẹn ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ géèmù Jàpáànù tí à ń gbá lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ṣe é fún kí wọ́n tó rántí wa. Nígbà tí Dark Souls dé sórí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2012, bí ojú kọ̀ǹpútà rẹ ti wù kí ó fẹ̀ tó, ìwọ̀n àwòrán kékeré kan náà ni géèmù náà ń yà sí i, a sì dá a dúró sí àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Durante ni ó ṣe ohun èlò kékeré kan, DSfix, tí ó tú okùn àwòrán náà, láìsí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2017, XSEED ti pe ọkùnrin yìí kan náà láti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí géèmù Trails of Cold Steel, tí ó jẹ́ ti Falcom; ilé-iṣẹ́ Durante fúnra rẹ̀, PH3, ni ó sì gbé Ys IX wá sórí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2021. Èmi tí ó jẹ́ pé àtúnṣe ni mo fi ń jẹun, mo fẹ́ràn ìtàn yẹn ju ìtàn inú ọ̀pọ̀ géèmù lọ. Ẹ wo NieR: Automata náà: ó dé sórí Steam ní ọdún 2017 pẹ̀lú àléébù, àwọn tí ó ń gbá a ni wọ́n fúnra wọn wá oògùn sí i, àtúnṣe láti ọwọ́ àwọn tí ó ni ín kò sì dé títí di ọdún 2021. Ẹni tí ó bá ń ṣe àgbéyẹ̀wò géèmù orí kọ̀ǹpútà, tí kò sì sọ bí géèmù náà ṣe jókòó sórí kọ̀ǹpútà, ààbọ̀ iṣẹ́ ni ó ṣe.

Kọ̀ǹpútà ta ni a sì ń sọ? Kọ̀ǹpútà tìrẹ lágbára, Ọlọ́run á bá ọ ṣọ́ ọ. Géèmù Elden Ring tí o fi ṣe òdiwọ̀n fún Felghana ń béèrè RAM 12GB àti àyè 60GB, ìyẹn bí a bá fẹ́ ẹ níwọ̀nba. Àwọn ọmọ Yunifásítì LAUTECH níbí tí mo ń bá tún kọ̀ǹpútà ṣe, púpọ̀ nínú wọn ni RAM 4GB ni wọ́n ní, kò sí káàdì àwòrán, bátìrì sì ti ń ṣàárẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wa géèmù 60GB sórí ẹ̀rọ, owó dátà á kọ́kọ́ gbọ́n wọn lápò gbẹ. Felghana kì í béèrè nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Mo ti gbá a lórí tábìlì iṣẹ́ mi níbí, lórí kọ̀ǹpútà àgbélétan kan tí àwọn mìíràn fẹ́ tà fún alágbàtà àlòkù, ó sì ń sáré geerege. Ohun mìíràn wà tí ẹni tí ó ń kọ̀wé láti ìlú tí iná kì í lọ kò ní kíyè sí. Ibi ìtọ́jú eré kan sábà máa ń wà nítòsí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ìjà gbóná, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì ní epo, ohun tí o máa pàdánù kò ju ìjà yẹn nìkan lọ. Iye àwọn tí wọ́n máa ka ìwé rẹ ní èdè Yorùbá, tí èyí á wúlò fún, kò kéré.

Mi ò sọ pé géèmù náà kò ní àléébù. Nítorí pé òkè ni a ti ń wò ó, ó ṣòro láti mọ ibi tí ẹsẹ̀ Adol máa balẹ̀ sí nígbà tí ó bá fò, àwọn ibi kan sì wà tí àṣìfò kan máa dá ọ padà sẹ́yìn gan-an. Ìyẹn bí mi nínú, kò sì sí ọ̀nà tí mo lè fi gbè é. Lórí ìtàn, mo gbà pẹ̀lú rẹ dé ààyè kan. Elena àti Chester ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn òfìfo, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ Count McGuire ń lọ, ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìtàn mẹ́ta rí á ti mọ̀ ọ́n ṣáájú. Kí á fi kííbọ́ọ̀dù gbá a náà, kí á má purọ́, ìyà ni.

Ti orin ni o jẹ mí ní gbèsè jù. Mieko Ishikawa ni ó kọ púpọ̀ nínú orin Wanderers from Ys ní 1989, wọ́n sì tún un ṣe fún Felghana pẹ̀lú gìtá àti fáólìn. Gbólóhùn tí o fi sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé orin náà dára. Báwo ni ó ṣe dára? Kí ni ó ń ṣe fún ẹni tí ó ń jà? Èyí tí ó wà ní Valestein Castle, ilé olódi kan nínú géèmù náà, kì í jẹ́ kí ènìyàn rọra rìn, ọwọ́ rẹ á ti máa yá kí o tó rí ọ̀tá kan. Nígbà tí Màmá wá kí wa ní ọdún Àjíǹde, wọ́n gbọ́ ọ láti yàrá kejì, wọ́n sì bi mí bóyá ìjọ tuntun kan ti dé sí àdúgbò.

Mo ti kó páàdì ìgbá-géèmù kan tí mo tún ṣe fún awakọ̀ tí ó máa ń wá sí ọ̀dọ̀ yín, yóò pè ọ́ bí ó bá dé. Fi gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ìpele Normal. Nígbà tí Dularn bá ti ṣubú, dá eré dúró kí o kọ ojú ìwé kan lórí òun nìkan: ohun tí ó ń ṣe, ohun tí o rò pé ó ń ṣe, àti ìgbà tí o rí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Kó tìyẹn ránṣẹ́ sí mi ná. Má tíì fọwọ́ kan máàkì títí o fi dé orí òkè Elderm, bí o bá sì tún fún un ní 4 níbẹ̀, màá bá ọ tún àmì ohùn rẹ̀ ṣe bí ó ti wà, wàá sì gbé e síta.

Bá mi kí Màmá.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ, Ògbómọ̀ṣọ́.